Bí Ẹ Ṣe Lè Wáṣẹ́ Nílùú Ńlá Lásìkò Tí Iṣẹ́ Wọ́n

Ìbéèrè kan náà ni wọ́n ń bi mí ṣáá, ó kàn ń pààrọ̀ aṣọ ni: "Mo ti fi CV ránṣẹ́ síbi tó lé ní ọgọ́rùn-ún, wọn ò tiẹ̀ dá mi lóhùn pé rárá. Kí ni mò ń ṣe tí kò dáa?" Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ẹ ò ṣe nǹkan kan tó burú. Ẹnu ọ̀nà tí ẹ ń kàn ni èrò ti kún.

Nígbà tí ọjà iṣẹ́ bá dẹnu kọlẹ̀, kì í ṣe lílé òṣìṣẹ́ nìkan ló ń fa wàhálà. Ẹni tó níṣẹ́ lọ́wọ́ ti di tirẹ̀ mú ṣinṣin, kò fẹ́ kúrò lọ síbòmíràn. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, orí àga tí ẹlòmíì dìde kúrò lọ́pọ̀ àwọn tó ń wáṣẹ́ máa ń jókòó sí. Bí kò bá sẹ́ni tó dìde, àga ò ní ṣófo. Ẹni tó ti ṣiṣẹ́ ọdún mẹ́wàá kíṣẹ́ tó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ á wá máa du ipò tí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé ìwé ń dù, ìpolówó kan náà ni gbogbo wọn sì ń kà. Torí náà, ohun tí mo fẹ́ fi hàn yín níbí ni bí ẹ ṣe lè lo èyí tó pọ̀ jù nínú ọjọ́ yín níbi tí èrò ò tíì dé.

Ẹ kọ́kọ́ ka owó ọwọ́ yín

Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fo ibí yìí torí pé ó ń dẹ́rù bani. Ẹ má fò ó.

1. Ẹ kọ iye owó tó wà lọ́wọ́ yín gan-an sílẹ̀. Ẹ má ka gbèsè tí wọ́n jẹ yín mọ́ ọn.
2. Ẹ ṣírò ohun tí oṣù kan ń ná yín: owó ilé, oúnjẹ, iná, owó ọkọ̀, dátà, àti ohun tí ẹ ń fi ránṣẹ́ sílé.
3. Ẹ fi ìkejì pín ti àkọ́kọ́. Iye oṣù tí ẹ lè fi wáṣẹ́ láìtọrọ nìyẹn.
4. Ẹ yọ owó ìwáṣẹ́ sọ́tọ̀, ìyẹn owó ọkọ̀, dátà, àti títẹ CV. Ẹ ò gbọ́dọ̀ fi ra nǹkan mìíràn.
5. Ẹ fa ìlà sábẹ́ ọjọ́ tí owó oṣù méjì péré á ṣẹ́ kù. Bó bá ti di ọjọ́ náà, ẹ gba iṣẹ́ ìgbà díẹ̀, èyíkéyìí tó bá ṣáà ti mọ́.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni pé èèyàn á dúró títí owó á fi tán pátá kó tó gba iṣẹ́ ìgbà díẹ̀. Ẹni tí ebi ń pa kì í lè dúnàádúrà, agbanisíṣẹ́ sì máa ń gbọ́ ọ lóhùn rẹ̀. Bí ẹ bá máa gba irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ wá èyí tó jẹ́ ti alẹ́ tàbí ti òpin ọ̀sẹ̀, kí òwúrọ̀ méjì ó kéré tán lè ṣófo fún yín láàárín ọ̀sẹ̀. Òwúrọ̀ ni wọ́n sábà máa ń peni fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò.

Ẹ tún wo ọ̀nà. Nílùú ńlá, iṣẹ́ tó wà ní òdìkejì ìlú lè jẹ ìdá tó pọ̀ nínú owó oṣù yín kó tó dọ́wọ́ yín. Ẹ yọ owó ọkọ̀ ojoojúmọ́ kúrò nínú iye tí wọ́n bá dárúkọ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ò tíì dé ìlú náà ńkọ́? Ẹ má tíì dìde. Ilé iṣẹ́ púpọ̀ ló ń ṣe ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò àkọ́kọ́ lórí fóònù tàbí fídíò báyìí. Ẹ wáṣẹ́ láti ibi tí owó ilé ò ti nira, kí ẹ wá kó ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò méjì mẹ́ta jọ sínú ọ̀sẹ̀ kan kí ẹ tó wọkọ̀.

Ẹ yan iṣẹ́ méjì, ẹ má yan mẹ́wàá

"Iṣẹ́ èyíkéyìí ni mò ń wá" máa ń dùn létí ẹni tó ń sọ ọ́, àmọ́ kò yé ẹni tó ń gbọ́ ọ. Ẹ yan méjì: ọ̀kan tó jẹ́ iṣẹ́ tí ẹ mọ̀ dunjú, ọ̀kan tó sún mọ́ ọn tí wọ́n ṣì ń gbani sí.

Bí ẹ bá ń wá ibi tí wọ́n ṣì ń gbani sí, ẹ wo àwọn iṣẹ́ tí aráàlú ò lè dá dúró bí nǹkan tilẹ̀ le: ìtọ́jú aláìsàn, iná àti omi, àtúnṣe ọkọ̀ àti ẹ̀rọ (ẹni tí kò lówó tuntun á tún ti àtijọ́ ṣe), ìṣirò owó, àti gbígba owó padà lọ́wọ́ àwọn tó jẹ gbèsè. Ẹ tún wo ibi tí òṣìṣẹ́ kì í pẹ́ kó tó kúrò, bí iṣẹ́ ẹ̀ṣọ́, títa ọjà, ìmọ́tótó ilé ńlá, àti dídáhùn ìpè àwọn oníbàárà. Àwọn yẹn ń gbani lọ́dún yípo. Àlébù wọn ni pé ohun tó ń lé àwọn tó kúrò níbẹ̀ lè lé ẹ̀yin náà.

CV: ojú ewé kan, ọ̀rọ̀ tó ṣeé dì mú

Láwọn ilé iṣẹ́ ńlá, kọ̀ǹpútà ló sábà máa ń kó CV jọ, tó ń kà á, tó sì ń tò ó fún ẹni tó fẹ́ wò ó. Ohun tí kò bá yé kọ̀ǹpútà lè má dé ojú èèyàn láé.

- Ẹ má lo tábìlì tàbí àwòrán, ẹ má sì pín ojú ewé sí méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ẹ kọ ọ́ láti òkè wá sílẹ̀.
- Ẹ lo ọ̀rọ̀ tí ìpolówó fúnra rẹ̀ lò. Bí wọ́n bá kọ "Excel", ẹ má kọ "ìmọ̀ kọ̀ǹpútà".
- Ẹ fi ránṣẹ́ ní PDF, àfi bí wọ́n bá ní Word làwọn fẹ́.
- Orúkọ yín àti iṣẹ́ náà ni kẹ́ ẹ fi pe fáìlì.
- Nọ́ńbà fóònù kan tó ń ṣiṣẹ́, tí ẹ̀yin fúnra yín ń gbé.

Èmi fúnra mi ti fi fáìlì tí mo pè ní "CV tuntun gan-an 3" ránṣẹ́ rí, tí lẹ́tà tó tẹ̀ lé e sì ń kí ilé iṣẹ́ mìíràn pátápátá. Wọn ò dá mi lóhùn, mi ò sì bá wọn wí.

Àmọ́ ohun tó ń pa CV jù ni ọ̀rọ̀ òfìfo. Ẹ wo gbólóhùn yìí:

*"Mo jẹ́ òṣìṣẹ́ takuntakun, olóòótọ́, tó lè bá ẹnikẹ́ni ṣiṣẹ́ pọ̀."*

Ta ni yóò kọ ọ́ pé ọ̀lẹ lòun? Ẹ fi wé èyí:

*"Mo bójú tó ilé ìkẹ́rùsí tó ní oríṣi ọjà 400. Láàárín oṣù mẹ́jọ, àṣìṣe nínú ọjà kíkà lọ sílẹ̀ láti 30 lóṣù sí 6."*

Ẹni tó kọ ìkejì yìí ò yin ara rẹ̀ níbì kankan, síbẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀ hàn kedere. Bí ẹ bá ń rò pé ẹ ò ní irú iye bẹ́ẹ̀ láti kọ, ẹ rò ó dáadáa: oníbàárà mélòó lẹ ń dá lóhùn lójúmọ́? Èèyàn mélòó lẹ kọ́ níṣẹ́? Owó tó tó mélòó ló ń gba ọwọ́ yín kọjá láìdín? Ṣùgbọ́n ẹ má purọ́. Ìbéèrè kan ṣoṣo tó bá tẹ̀ lé iye tí ẹ kọ ti tó láti tú àṣírí.

Àwọn èèyàn: ibi tí èrò ò tíì dé

Ibí ni mo fẹ́ kí ẹ ti lo ìlàjì àkókò yín. Ipò kan lè ṣófo lọ́jọ́ Ajé, kí ọ̀gá bi àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ní Ọjọ́rú pé "ta lẹ mọ̀?", kí ẹnì kan sì ti jókòó síbẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó kọ ìpolówó.

Ta ló yẹ kẹ́ ẹ sọ fún? Kì í ṣe ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́ nìkan. Mark Granovetter, onímọ̀ nípa àwùjọ ará Amẹ́ríkà, bi àwọn tó rí iṣẹ́ nípasẹ̀ ojúlùmọ̀ léèrè bí wọ́n ṣe ń rí ẹni náà sí, ó sì tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 1973. Nínú ọgọ́rùn-ún, 16.7 péré ló ń rí ẹni náà lemọ́lemọ́. 55.6 ń rí i lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, 27.8 kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ rí i. Ìdí rẹ̀ ò jìnnà: ohun tí ọ̀rẹ́ yín gbọ́, ẹ̀yin náà ti gbọ́ ọ. Ẹni tó ń rìn níbi tí ẹ kì í dé ló ń gbọ́ ohun tí ẹ kì í gbọ́. Ní 2022, àwọn olùwádìí tó wo nǹkan bíi mílíọ̀nù 20 èèyàn lórí LinkedIn (ìkànnì tí àwọn òṣìṣẹ́ àti agbanisíṣẹ́ ti ń mọra) tún rí i pé bẹ́ẹ̀ ló rí, ṣùgbọ́n wọ́n fi kún un pé ojúlùmọ̀ tó ṣì mọ̀ yín díẹ̀ wúlò ju ẹni tí kò mọ̀ yín rárá lọ. Ẹ má wulẹ̀ máa fi ìbéèrè ọ̀rẹ́ ránṣẹ́ sí ọ̀gá ńlá tí ẹ ò pàdé rí.

Bí ẹ ṣe máa ṣe é nìyí:

1. Ẹ kọ orúkọ 40: àwọn tí ẹ jọ ṣiṣẹ́ rí, àwọn tí ẹ jọ kàwé, olùkọ́, oníbàárà àtijọ́, aládùúgbò tẹ́lẹ̀, ará ìjọ tàbí ẹgbẹ́, òbí àwọn ọ̀rẹ́ ọmọ yín.
2. Ẹ fi àmì sí àwọn tí ẹ ò tíì bá sọ̀rọ̀ láti oṣù mẹ́fà. Ọ̀dọ̀ wọn ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀.
3. Ẹ kọ̀wé sí mẹ́ta lójúmọ́, lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ má fi àtẹ̀jíṣẹ́ kan náà ránṣẹ́ sí gbogbo wọn.
4. Ẹ béèrè ìròyìn, ẹ má béèrè iṣẹ́.
5. Kí ẹ tó gbé fóònù sílẹ̀, ẹ bi wọ́n pé: "Ta tún ni ẹ rò pé ó yẹ kí n bá sọ̀rọ̀?"
6. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ padà sọ ibi tí ìmọ̀ràn wọn já sí fún wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò já síbì kankan.

Àtẹ̀jíṣẹ́ tó ṣiṣẹ́ máa ń rí báyìí:

*"Ẹ káàsán o, mà. Èmi Lágbájá ni, a jọ wà lẹ́ka ìṣirò owó ní 2021. Iṣẹ́ ibi tí mo wà parí lóṣù tó kọjá, mo sì ń wá iṣẹ́ ìṣirò owó tàbí ti ilé ìkẹ́rùsí. Mi ò ní kí ẹ bá mi wáṣẹ́ o. Mo kàn fẹ́ mọ bí nǹkan ṣe rí lẹ́ka tiyín ni. Ṣé mo lè pè yín fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ́sẹ̀ yìí?"*

Ẹ kíyè sí i: ó sọ ẹni tó jẹ́, ibi tí wọ́n ti mọra, ohun tó ṣẹlẹ̀, irú iṣẹ́ tó ń wá, ohun tó ń béèrè kò sì wúwo. Ẹni tí ẹ bá ní kó bá yín wáṣẹ́ á ní òun á gbìyànjú, á sì gbàgbé, torí kò mọ ibi tó máa gbá a mú. Ẹni tí ẹ ní kó bá yín sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá mọ ohun tó yẹ kó ṣe.

Mo mọ̀ pé ojú ń ti ọ̀pọ̀ yín. Mo mọ ẹnì kan tó ń múra jáde nílé láràárọ̀ fún oṣù mẹ́ta kí àwọn aládùúgbò má baà mọ̀ pé iṣẹ́ ti bọ́. Ọ̀kan nínú àwọn aládùúgbò yẹn ló padà mú un débi iṣẹ́, nígbà tó gbọ́. Oṣù mẹ́ta yẹn ló dùn ún jù.

Ìpolówó lórí íntánẹ́ẹ̀tì

Ẹ má pa á tì, àmọ́ ẹ má jẹ́ kó gbé gbogbo ọjọ́ yín mì.

- Ẹ ṣètò ìfitónilétí sórí LinkedIn, Indeed àti Google Alerts, kí ìpolówó máa wá bá yín fúnra rẹ̀.
- Ẹ tètè dáhùn. Ìpolówó tó ti lo oṣù kan lè jẹ́ ti ipò tó ti kún, tàbí ti ilé iṣẹ́ tó kàn ń kó CV jọ.
- Bí ẹ bá rí iṣẹ́ lórí ojú òpó kan, ẹ lọ wò ó bóyá ó wà lórí ìkànnì ilé iṣẹ́ náà. Ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti fi CV sílẹ̀.
- Ẹ wo orúkọ ilé iṣẹ́ náà mọ́ orúkọ 40 yín. Bí ẹnikẹ́ni bá mọ èèyàn níbẹ̀, ẹ pè é kí ẹ tó fi nǹkan ránṣẹ́.

Márùn-ún tí ẹ fara balẹ̀ kọ lọ́sẹ̀ kan sàn ju àádọ́ta tí ẹ kàn tẹ̀ gbàù gbàù lọ.

Fífi ẹsẹ̀ rìn

Àwọn ilé iṣẹ́ kéékèèké kì í sábà polówó. Ẹ yan àdúgbò kan lọ́jọ́ kan, kí owó ọkọ̀ má baà pa yín, ẹ tẹ CV mẹ́wàá, ẹ dé ibẹ̀ láàárọ̀ lẹ́yìn tí kìràkìtà ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ bá ti rọlẹ̀. Ẹ má lọ nígbà tí oníbàárà bá kún ilé oúnjẹ tàbí ilé ìtajà.

Ẹ kí ẹni tó wà lẹ́nu géètì dáadáa. Mo dé ibì kan rí tí wọ́n lẹ "Kò sí ààyè iṣẹ́" mọ́ ara ògiri. Mo kí ẹ̀ṣọ́ náà, mo ní kí n sinmi díẹ̀ lábẹ́ òjìji, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ nípa oòrùn. Kó tó tó ìṣẹ́jú márùn-ún, mo ti mọ̀ pé ọjọ́ Ìṣẹ́gun nìkan ni máníjà máa ń wá, àti pé ẹni tó ń kọ̀wé ọjà ń lọ sí ìlú mìíràn lópin oṣù. Ìwé tó wà lára ògiri yẹn ò mọ ìkankan nínú ìyẹn.

Ẹ ṣọ́ra fún gbájúẹ̀

Ìgbà tí iṣẹ́ wọ́n ni oko àwọn oníjìbìtì ń so. Ẹni tó ti ń wáṣẹ́ fún oṣù mẹ́fà fẹ́ gbàgbọ́, wọ́n sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá rí ọ̀kan nínú àwọn nǹkan wọ̀nyí, ẹ dúró ná:

- Wọ́n ní kí ẹ san owó fọ́ọ̀mù, owó ìdánilẹ́kọ̀ọ́, owó aṣọ iṣẹ́ tàbí owó àyẹ̀wò kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀.
- Wọ́n gbà yín síṣẹ́ láì bá yín sọ̀rọ̀ rí, owó oṣù náà sì ga ju ti ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ.
- Wọ́n ní kí owó tàbí ẹrù ẹlòmíì gba àkáǹtì tàbí àdírẹ́sì yín kọjá. Ẹ̀yin ni ọlọ́pàá máa wá mú.
- Wọ́n ń béèrè PIN tàbí nọ́ńbà tí báńkì fi ránṣẹ́ sórí fóònù yín. Kò sí iṣẹ́ kankan tó nílò rẹ̀.
- Wọ́n fẹ́ kó ojúlówó ìwé ẹ̀rí tàbí ìwé ìrìnnà yín pamọ́.
- Wọ́n ń kánjú: "Tẹ́ ẹ bá jẹ́ kó di alẹ́, a máa fún ẹlòmíì."

Ti owó yẹn ní àkọsílẹ̀. Àdéhùn 181 ti Àjọ Òṣìṣẹ́ Àgbáyé (ILO), ti ọdún 1997, sọ ní ìpín keje pé ilé iṣẹ́ aládàáni tó ń báni wáṣẹ́ kò gbọ́dọ̀ gba owó lọ́wọ́ òṣìṣẹ́, ì báà ṣe tààrà tàbí lọ́nà ẹ̀bùrú. Àyọsílẹ̀ díẹ̀ ni orílẹ̀-èdè tó fọwọ́ sí i lè ṣe. Ẹ wo òfin ibi tí ẹ wà, àmọ́ ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ owó máa ta yín lólobó.

Kí ẹ tó lọ bá ẹni tí ẹ ò mọ̀:

1. Ẹ wá nọ́ńbà ilé iṣẹ́ náà fúnra yín. Ẹ má lo èyí tó wà nínú àtẹ̀jíṣẹ́ wọn. Ẹ pè, kí ẹ béèrè bóyá wọ́n ń gbani lóòótọ́.
2. Ẹ wo àdírẹ́sì ímeèlì lẹ́tà lẹ́tà. Lẹ́tà kan tó yàtọ̀ ti tó láti dá a mọ̀.
3. Ẹ sọ ibi tí ẹ ń lọ àti àkókò tí ẹ máa padà fún ẹnì kan. Bí wọ́n bá yí ibẹ̀ padà sí yàrá òtẹ́ẹ̀lì tàbí ilé ẹnì kan, ẹ padà sílé.
4. Bí ẹ bá máa fi ẹ̀dà ìwé ìdánimọ̀ sílẹ̀, ẹ kọ orúkọ ilé iṣẹ́ náà àti ọjọ́ náà gba àárín rẹ̀ kọjá.

Bí owó bá ti jáde lọ́wọ́ yín, ẹ pe báńkì kí ẹ tó pe ẹnikẹ́ni, lẹ́yìn náà ẹ fi tó ọlọ́pàá létí. Ẹ má san "owó díẹ̀ sí i" kí wọ́n lè dá ti àkọ́kọ́ padà.

Ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò

Ẹ múra ìtàn mẹ́ta sílẹ̀: ìṣòro tí ẹ yanjú, àṣìṣe tí ẹ ṣe tí ẹ sì ṣàtúnṣe rẹ̀, àti ìgbà tí ẹ̀yin àti ẹnì kan ò jọ rí nǹkan bákan náà. Ọ̀pọ̀ ìbéèrè á bọ́ sínú ọ̀kan nínú wọn. Bí wọ́n bá bi yín ìdí tí iṣẹ́ fi bọ́, gbólóhùn méjì tó: "Wọ́n dín òṣìṣẹ́ kù, ẹ̀ka tiwa sì wà níbẹ̀. Láti ìgbà náà ni mo ti ń ṣe báyìí báyìí." Ẹ má bú ọ̀gá àtijọ́ láé. Bó bá kan owó, ẹ kọ́kọ́ béèrè iye tí wọ́n ti là sílẹ̀ fún ipò náà. Kí ilẹ̀ ọjọ́ yẹn tó ṣú, ẹ fi ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́ kúkúrú ránṣẹ́.

Bó bá pẹ́

Ìwádìí kan wà tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2013. Wọ́n fi CV àwọn èèyàn àfinúrò ránṣẹ́ sí àwọn agbanisíṣẹ́. Bí ìgbà tí èèyàn ti wà láìníṣẹ́ bá ṣe ń gùn ni wọ́n ṣe ń pè é kéré sí i, oṣù mẹ́jọ àkọ́kọ́ ni èyí tó pọ̀ jù nínú ìdínkù náà sì ń ṣẹlẹ̀. Ẹ gbọ́ èyí tó kù: níbi tí ọjà iṣẹ́ ti le, àlàfo náà kì í pa èèyàn lára tó bẹ́ẹ̀, bóyá torí agbanisíṣẹ́ mọ̀ pé ẹ̀yin nìkan kọ́. Ẹ má jẹ́ kí àlàfo dẹ́rù bà yín, àmọ́ ẹ fi nǹkan dí i:

- iṣẹ́ àdéhùn oṣù mẹ́ta, tàbí dídúró fún ẹni tó lọ bímọ
- iṣẹ́ àbọ̀ ọjọ́
- kí ẹ máa ṣe ohun tí ẹ mọ̀ ọ́n ṣe fún àwọn ilé iṣẹ́ kéékèèké, lọ́kọ̀ọ̀kan
- ìlú kékeré tó wà nítòsí, níbi tí ẹni tó mọ iṣẹ́ yín ò pọ̀

Bí oṣù méjì bá kọjá tí wọn ò pè yín rárá, CV yín tàbí ibi tí ẹ ń fi í ránṣẹ́ ló yẹ kẹ́ ẹ tún wò. Bí wọ́n bá ń pè yín àmọ́ tí iṣẹ́ ò bọ́ sí i, CV ti ṣe tiẹ̀, ẹ lọ tún ọ̀rọ̀ ẹnu ṣe. Ìwé kékeré kan tí ẹ ń kọ gbogbo rẹ̀ sí (ọjọ́, ibi, ẹni tí ẹ bá sọ̀rọ̀, ìgbésẹ̀ tó kàn) ló máa jẹ́ kí ẹ mọ èyí tó jẹ́ tiyín.

Lọ́jọ́ tí wọ́n bá ní kí ẹ wá

1. Ẹ máa wáṣẹ́ lọ títí lẹ́tà tí wọ́n fọwọ́ sí á fi dé ọwọ́ yín. Ọ̀rọ̀ ẹnu kì í ṣe iṣẹ́.
2. Ẹ ka owó oṣù, ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀, àkókò ìdánwò (ìgbà tí wọ́n á fi wo iṣẹ́ yín kí wọ́n tó gbà yín pátá), àti iye ọjọ́ ìkìlọ̀ tí ẹnikẹ́ni nínú yín gbọ́dọ̀ fún ẹnì kejì bó bá fẹ́ pín.
3. Ẹ fi ọ̀wọ̀ sọ fún àwọn ibi tó kù pé ẹ ti rí iṣẹ́.
4. Ẹ ṣí ìwé kékeré yẹn, ẹ pe gbogbo ẹni tí ẹ bá sọ̀rọ̀, títí kan àwọn tí kò rí nǹkan ṣe sí i, kí ẹ sì sọ ibi tí ẹ wà báyìí fún wọn kó tó di ọjọ́ tí ẹ máa bẹ̀rẹ̀.